Ìdí Tí Omi Kò Fi Ń Tọ́jú Ojú Wa Mọ́

Nígbà láéláé, omi kì í gbàgbé ojú. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mumi, ojú rẹ á dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti lọ. Adágún kan wà láàárín igbó nígbà náà, òun ló wá sọ ọ́ di eré. Bí ẹ ṣe ń fi fóònù àǹtí yín sọ ara yín di arúgbó onírùngbọ̀n yẹn, Adágún ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi.

Á fún Ìgbín ní ìwo ẹfọ̀n. Á sọ Ọ̀bọ di ọmọ ọwọ́. Ó fi eyín sí Àparò lẹ́nu, ìyàwó Àparò sì rẹ́rìn-ín títí ẹyin tó ń sàba lé fi tutù. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí Adágún ń fi gbogbo ojú wọ̀nyẹn ṣe.

Èsúró, ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tó jọ ewúrẹ́ kékeré, kì í wá ṣeré ní tiẹ̀. Àìsàn ti pa Àwẹ̀ró, àkọ́bí rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó mọ̀ ọ́n sá dáadáa. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti mumi nínú Adágún rí, ojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Àràárọ̀ ni Èsúró ń lọ wò ó. Lọ́jọ́ kan ó bẹ Adágún pé kó fi bí ọmọ náà ì bá ṣe rí hàn òun, ká ní ó dàgbà. Adágún ṣe é. Ojú Àwẹ̀ró gùn, ìwo kékeré yọ lórí rẹ̀. Èsúró sunkún débi pé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Àárò ọmọ yẹn ń sọ ọ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní ọmọ kejì, Àdìgún, ọmọkùnrin kékeré tó máa ń tẹ̀lé e lọ síbi omi.

Nígbà tó yá, àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ọ̀yà kò délé. Ìyàwó Àparò lọ mumi, kò bọ̀. Kálukú wá ń fura sí aládùúgbò rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Èsúró ṣe ń sún mọ́ Adágún, ó gbọ́ ohùn. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn igi, ó ti ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹkùn ló dùbúlẹ̀ sétí omi, tó ń wo ojú àwọn ẹranko lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa iṣu lọ́jà. Ó dúró lórí ọ̀kan. Ojú Àdìgún ni.

"Eléyìí sanra. Ìgbà wo ló máa ń wá?"

Adágún, tí kò mọ̀ ju kó dáni lóhùn lọ, ní láàárọ̀ ni, òun àti ìyá rẹ̀ ni, ìyá náà kì í sì í bojú wẹ̀yìn bó bá ti ń wo omi. Ẹkùn ti yó lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á padà wá lọ́la, ó sì lọ.

Èsúró jáde pẹ̀lú ìbínú. Ó béèrè ìdí tí Adágún fi ń fi ọmọ òun han Ẹkùn. Ó ya Adágún lẹ́nu. Ó ní ẹni tó bá béèrè lòun ń fi hàn, ṣebí Èsúró náà ń béèrè Àwẹ̀ró lójoojúmọ́.

"Pa ojú Àdìgún rẹ́," ni Èsúró wí. "Fi ti Àwẹ̀ró sílẹ̀ fún mi."

"Mi ò lè ṣà wọ́n," ni Adágún dá a lóhùn. "Bí ẹnikẹ́ni bá rú mi pọ̀, gbogbo wọn ló máa lọ, omi kankan ò sì ní dá ojú dúró mọ́."

Èsúró sún mọ́ etí omi. Ó ní kó fi Àwẹ̀ró han òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe èyí tó dàgbà, èyí tó kéré, bó ṣe rí gan-an. Ojú náà yọ, omi ń kán ní imú rẹ̀. Èsúró pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú omi, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rú u, ó ń sunkún, ó ń rú u, títí ẹrẹ̀ fi bo ohun gbogbo.

Nígbà tí omi tòrò, kò sí ojú kankan níbẹ̀ àfi tirẹ̀. Ó gbé orí kúrò, ìyẹn náà lọ. Lọ́jọ́ kejì Ẹkùn dé, ó béèrè títí, ojú ara rẹ̀ nìkan ló rí.

Láti ọjọ́ náà ni omi kì í ti í dá ojú ẹnikẹ́ni dúró. Láti ọjọ́ yẹn kan náà ni Èsúró kì í ti í fẹnu kan omi lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró, á tẹjú mọ́ ọn. Àwọn ọdẹ ní ẹ̀rù ló ń bà á. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ó ń wò ó bóyá Àwẹ̀ró á tún yọ.