Ọdẹ́wándé àti Ọta Tí Kò Lámì

Ẹfọ̀n kan ló fẹ́ tú Òkè Arère ká nígbà tí ìlú náà kò tíì ju abà lọ. Ẹ má rò pé ẹfọ̀n lásán ni mò ń wí o. Èmi yìí ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Tápà, mo ti sùn ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ìwé tí mo kà kò kún ọwọ́ ṣùgbọ́n ìtàn tí mo gbọ́ kún ilé, n kò sì gbọ́ irú ẹ̀ níbòmíràn. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìwo rẹ̀ so pọ̀ níwájú orí bí àpáta. Etídò Àásà ló fi ṣe ilé, odò yẹn nìkan ló sì máa ń lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kan aboyún kan pa níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Láti ọjọ́ náà ni òùngbẹ ti ń gbẹ àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ti sá fún ogun dé ibẹ̀, àwọn kan sì ti ń di ẹrù wọn.

Kì í ṣe pé àwọn ọdẹ kò yìnbọn o. Wọ́n yìn ín títí. Wọ́n á rí ẹ̀jẹ̀ lára ewé, wọ́n á tọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹfọ̀n á tún dúró sí etí omi bí onílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfura ti wọ ìlú. Wọ́n ní ẹfọ̀n kọ́, ènìyàn ni. Bí ènìyàn bá sì ni, ta ni? Ẹni tó bá tiro, wọ́n á wò ó. Ọkùnrin kan fi ọkọ́ ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko, àfìgbà tó tú egbò náà han gbogbo ìlú kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Àwọn obìnrin kò fún ara wọn níná mọ́. Nígbà tó yá, gbogbo ojú yí sí Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ, nítorí àlejò ni, òun ló sì ń rọ ọta fún gbogbo ọdẹ.

Ọdẹ́jínmí, Olúọ́dẹ ìlú, ló sọ ọ́ jáde lábẹ́ igi. Ó ní, "Ọta wa ń bà á, kò pa á. Ta ló fọwọ́ kan ọta kó tó dé ọwọ́ wa? Ẹ jẹ́ ká so alágbẹ̀dẹ mọ́ igi létí odò lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí ẹfọ̀n bá jẹ́ tirẹ̀, kò ní kàn án."

Ẹnìkan bi í pé, "Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "A ó ti mọ̀ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló dé etí baba ńlá mi, Ọdẹ́wándé Àdìgún, ọmọ a-fẹ̀yìn-tigi-má-sùn, a-wolẹ̀-kó-tó-wòkè, ọkùnrin gbọọrọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ̀dá afura ni Àdìgún láti inú ìyá rẹ̀ wá. Kì í mu omi tí kò bá rí ẹni tó pọn ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Olówó orí mi, bí ọbẹ̀ mi bá ń bà yín lẹ́rù, koríko ń bẹ lẹ́yìnkùlé." Òun náà fura sí alágbẹ̀dẹ, ó sì gba ilé arọ tó ti ń rọ irin lọ.

Ó ní, "Ògúnṣakin, kí lò ń fi sínú ọta?"

Alágbẹ̀dẹ kò dúró lẹ́nu iṣẹ́. "Òjé ni, bàbá ọdẹ. Òjé tí ẹ̀yin fúnra yín gbé wá."

"Ta ló ní kó jẹ́ òjé?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní òjé rọ̀, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́, ẹ lè sàmì sí i. Mo ní kí n rọ irin fún yín, ẹ ní ṣé mo fẹ́ ja yín lólè ẹran ni. Mo bá panu mọ́."

Kì í ṣe irọ́. Àṣà wọn nìyẹn. Bí ọdẹ Òkè Arère bá gba ọta, á fi ọ̀bẹ fa àmì tirẹ̀ sí i lára, ẹnìkan á fa oṣù, ẹnìkan á fa òòyà. Bí wọ́n bá ń kun ẹran ńlá, wọ́n á wá ọta inú rẹ̀, ẹni tí àmì rẹ̀ bá sún mọ́ ọkàn jù ló ni ìrù. Ìrù ẹfọ̀n kì í ṣe nǹkan kékeré nígbà náà. Ẹni tó bá ní in, ìjókòó rẹ̀ yàtọ̀, bàbá ìyàwó kankan kò ní lè fi ọmọ du ú. Tìtorí bẹ́ẹ̀, kò sí ọdẹ tó máa ki ọta tí kò gba àmì sínú ìbọn.

Àdìgún kò gba alágbẹ̀dẹ gbọ́, kò sì pè é ní òpùrọ́. Ó lọ síbi igi ìrókò tí ẹfọ̀n máa ń fara ha, ó fi ọwọ́ tú ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ba òjé kan pẹ̀lú irun àti ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára. Ó ti pẹlẹbẹ bí ewé. Nígbà tó nù ún, àmì tó wà lára rẹ̀ ti fẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìẹ, ṣùgbọ́n ó dá a mọ̀. Àmì tirẹ̀ ni. Gbogbo ènìyàn ló ti ń fura sí, kò fura sí ọta tó fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí.

Síbẹ̀, ojú ara rẹ̀ náà kò tó o. Ó gbé agbárí ẹfọ̀n tó ti pẹ́ ka orí òkìtì ògán, ó fi awọ tútù bò ó, ó ní kí gbogbo ọdẹ wá wò. Ó yìn ín ní òjé. Òjé lẹ̀ mọ́ egungun bí ẹ̀kọ tó já bọ́ sílẹ̀. Ó yìn ín ní irin tí Ògúnṣakin rọ. Irin wọlé níwájú, ó jáde lẹ́yìn, ó wọ inú ògán lọ.

Ọdẹ́jínmí bú sẹ́rìn-ín. "Agbárí ló pa yẹn. Òkú kì í jà. Àdìgún, irin kò gba ọ̀bẹ. Bí gbogbo wa bá yin irin, ta ló máa ni ìrù? Àbí ìwọ ni wàá máa pariwo pé tìẹ ni?"

Àwọn tó kù ní, "Ẹ bi í o!"

Baba ńlá mi dìde, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, òùngbẹ ń pa yín, ìrù lẹ̀ ń wò. Ẹfọ̀n kan aboyún pa, ẹ kò sọ pé ta ló máa pa ẹfọ̀n, ẹ ní ta ló máa ni ín. Ọta tí ẹ fi ń ṣọ́ ara yín, ẹran kò bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ máa mú òjé yín lọ́wọ́. Èmi á mú irin. Ẹ má so alágbẹ̀dẹ mọ́gi, màá mú un dání. Níwájú mi ni yóò máa rìn. Bó bá jẹ́ pé ó fi ohun kan sínú ọta rẹ̀, òun ni ẹfọ̀n máa kọ́kọ́ bá."

Ọdẹ́jínmí ní, "Ìyẹn dára. A ó máa gbọ́ igbe yín láti ibi."

Wọ́n jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Alágbẹ̀dẹ wà níwájú láìní ìbọn, Àdìgún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ń fura pé wọ́n lè yìn ín lẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn ń fura pé wọ́n ń mú òun lọ síbi ikú. Ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n gba etí omi lọ, ó gun òkè, ó sì pòórá sínú koríko. Ibẹ̀ ni Àdìgún ti dúró. Kò sí ẹyẹ kan tó ké. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ògúnṣakin, ẹni tí à ń tọ̀ lọ ti wà lẹ́yìn wa."

Òótọ́ ni. Ẹfọ̀n ti yí gba ẹ̀yìn wọn. Wọ́n yí padà, alágbẹ̀dẹ sì tún bọ́ síwájú gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ẹfọ̀n ya igbó jáde bí òkè tó ń ṣubú, ó forí balẹ̀, ilẹ̀ ń mì. Alágbẹ̀dẹ lè sá, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un. Kò sá. Ó dojú bolẹ̀ kí ìbọn lè ráyè gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó sì kígbe pé, "Èjìká, bàbá ọdẹ! Ẹ má yin orí, ìwo bò ó!" Àdìgún dúró títí tó fi rí ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, ó fà á. Ìbọn dún. Ẹfọ̀n kò dúró, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó fi imú wú ilẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ orí alágbẹ̀dẹ, ó mí kan, kò mí mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ aráyé ṣe. Bí àwọn ọdẹ tó kù ṣe gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n sáré dé. Wọ́n rí ẹran nílẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín lókùú! Gbà! Gbà! Kálukú ń wá ọ̀nà tí àmì rẹ̀ máa fi wọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n kun ún, òjé pẹlẹbẹ pọ̀ lábẹ́ awọ bí èépá ara, oṣù níhìn-ín, òòyà lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti ń na ọwọ́ sí ìrù. Ògúnṣakin ki ọwọ́ bọ àyà ẹran náà, ó yọ irin kan láti inú ọkàn, ó ṣì rí roboto. Ó gbé e sókè.

Ó ní, "Ta ló ni èyí?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Àdìgún, wọ́n ń retí pé kó sọ ọ́, kí ìjà lè bẹ̀rẹ̀. Baba ńlá mi wẹ ọwọ́ nínú odò Àásà, ó bu omi mu, òun tí kì í mu omi tí kò mọ ẹni tó pọn ọ́n.

Ó ní, "Kò lámì. Ìlú ló ni ín. Ògúnṣakin, gé ìrù, kó o so ó kọ́ sí ilé arọ rẹ."

Ọdẹ́jínmí ló kọ́kọ́ gbé òjé tirẹ̀ sọ sómi. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ Òkè Arère kò fi ń sàmì sí ọta ẹran ńlá títí di òní, tí ọmọ alágbẹ̀dẹ fi ń kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kan ẹran kí ọdẹ tó kàn án. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, tí ẹ bá ọdẹ kan tí ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìbọn rẹ̀ ṣì ń rú èéfín, ẹ bi í pé ta ló pa á. Á wo ojú yín, á ní, "Wọ́n pa á."