Apẹ̀rẹ̀ Méjì Nínú Mẹ́ta

Ààlọ́ o! — Ààlọ̀!
Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó já sẹ́nu ihò Òkété oníṣòwò.

Òkété mọ̀ pé òwò òun ti ń kú lọ, síbẹ̀ ó gba apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́ mẹ́ta láwìn lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀yà àti Ọ̀bọ. Nígbà tí òwò dẹnu kọlẹ̀, ìlú ní kí Ìgbín bá wọn gba gbèsè náà. Òkété ní òun yóò san méjì. Ìgbín gbà, ó ní ó ku kí Erin adájọ́ fọwọ́ sí i.

Ni Ọ̀bọ, tó gbà pé Òkété fi ìyókù èkùrọ́ pamọ́ sísàlẹ̀ ihò rẹ̀, bá fi orin bọnu:
"Mẹ́ta la fẹ́ o!"
Ẹ gbè é: Ẹ gbẹ́hò!
"Méjì ò tó o!"
Ẹ gbẹ́hò!

Erin ní, "Ihò náà jìn. Owó àwọn agbẹ́lẹ̀ á jẹ apẹ̀rẹ̀ méjì. Àbí ẹ ó gbẹ́ ẹ fúnra yín?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ọwọ́ ń dun òun. Ọ̀yà ní ẹ̀yìn ń ro òun. Erin bá fọwọ́ sí i.

Ọ̀bọ olórin wa ńkọ́? Ó ti gba ìpín tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti kún fún èkùrọ́.