Ọkùnrin Tó Fi Ìràwọ̀ Pamọ́

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ojú ọ̀run. Má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe wòlíì. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú lẹ́yìn òṣèré, kí ìràwọ̀ máa tàn, kí òṣùpá sì súnmọ́ ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà, òun ni wọ́n ń pè. Tapólì dúdú ni yóò ta, yóò fi ìṣó lu ú níhò níhò, yóò sì gbé iná sẹ́yìn rẹ̀. Oníràwọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é.

Àwọn mẹ́ta mìíràn wà tí ìfẹ́ fíìmù so pọ̀ mọ́ ọn: nọ́ọ̀sì kan, onígbàjámọ̀ kan, àti olùkọ́ ilé-ìwé girama kan. Fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn ni èyí tó ń sọ nípa ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀: ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sínú òṣùpá, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó síbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, kò sì sí ẹni tó lè dá fíìmù gígùn ṣe nínú wọn. Wọ́n wá gbìmọ̀ pé kí kálukú ṣe ìtàn kúkúrú tirẹ̀, kí wọ́n so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di fíìmù kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọ̀run kan náà.

Àáró ni wọ́n fi ṣe é, bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe. O mọ àáró: lónìí a ó ro oko tèmi, lọ́la a ó ro tìrẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ́ tí kò mú lọ sí oko ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá kàn ni ọ̀gá, àwọn yòókù á di òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń kun ojú òṣèré, onígbàjámọ̀ ló ń gbé kámẹ́rà, olùkọ́ ló ń gba ohùn sílẹ̀, Oníràwọ̀ ló ń ṣe ọ̀run. Wọ́n ṣẹ́ kèké. Nọ́ọ̀sì ló ṣíwájú, onígbàjámọ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà olùkọ́. Oníràwọ̀ ló kẹ́yìn.

Inú rẹ̀ dùn pé òun ló kẹ́yìn, nítorí ó ní ẹnì kan tó fẹ́ kí ó rí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìntì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ bàbá yìí pé iṣẹ́ wo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, “Ó ń dá ihò sára tapólì.” Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun Oníràwọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, síbẹ̀ ohun tó wù ú jù láyé ni kí bàbá rẹ̀ jókòó wo iṣẹ́ rẹ̀ tán, kí ó sì sọ pé ó dára. Nítorí èyí ló fi jẹ́ pé ìtàn bíríkìlà tó lọ kọ́ ilé àkọ́kọ́ sórí òṣùpá ni ó fẹ́ ṣe.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Dígí ìyàwó rẹ̀ já bọ́ sínú abọ́ omi kan ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́. Oòrùn ta sí i. Oníràwọ̀ gbójú sókè, ó rí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó tú ká sára ògiri, tí wọ́n ń mì, tí wọ́n ń ṣẹ́jú. Ó fi ìka kan omi náà, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyàwó rẹ̀ ń bínú dígí, òun ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pín ogún fún. Ọ̀run tó wà láàyè ló rí yẹn. Tapólì oníhò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ó gbé abọ́ náà wọ yàrá, ó sì da aṣọ bò ó. Ó bi ara rẹ̀ pé bí òun bá gbé e jáde fún nọ́ọ̀sì, tí òun tún gbé e jáde fún onígbàjámọ̀ àti olùkọ́, kí ni yóò kù tí yóò ya ènìyàn lẹ́nu nígbà tó bá kan òun? Kí wọ́n ṣì máa lo tapólì. Bí tiwọn bá ṣókùnkùn díẹ̀, tòun á túbọ̀ mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni, ṣùgbọ́n àwa èèyàn kì í tètè dá a mọ̀ bó bá jẹ́ inú tiwa ló ti wá.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tirẹ̀ dá lórí aboyún kan tí ìrọbí mú nínú ọkọ̀ tó ń lọ sínú òṣùpá. Ó wo tapólì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn ìràwọ̀ yìí dúró gbagidi. Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè máa ṣẹ́jú díẹ̀? Ọmọ ń wáyé níbẹ̀ o.”

Oníràwọ̀ dáhùn pé, “Àbúrò, ta ló máa wo ẹ̀yìn nígbà tí ọmọ bá ń ké níwájú?”

Ó kan onígbàjámọ̀. Tirẹ̀ ni ti ẹ̀rọ kan tí orí rẹ̀ ń dán bí abọ́, tó wọ ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá òun gẹ irun. Tapólì ti ya nígbà yẹn, Oníràwọ̀ sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Onígbàjámọ̀ ní, “Ọ̀run rẹ ti ya o!” Òun ní, “Ọ̀run kì í ya. Àwọsánmà nìyẹn.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ bí a ti ń fi àwàdà bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìtàn olùkọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀, ó kàn gbé tapólì kọ́ ni, ó lọ jẹun. Iná kan kú lẹ́yìn rẹ̀, apá kan ọ̀run ṣókùnkùn, kò sì padà wá tàn án.

Ó wá kan òun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ní kùtùkùtù, ọkọ́ kálukú sì mú ṣáṣá. Nọ́ọ̀sì kun òṣèré rẹ̀ títí eruku òṣùpá fi wà lójú ọkùnrin náà lóòótọ́. Nígbà náà ni Oníràwọ̀ ṣí aṣọ kúrò lórí abọ́, ó sì tan iná sí i. Ìmọ́lẹ̀ tú ká, ó ń mì. Nọ́ọ̀sì wo ọ̀run náà, ó wo Oníràwọ̀, ó sì tún padà sídìí ọ̀dà rẹ̀.

Wọ́n so fíìmù náà pọ̀, wọ́n sì fi han àwọn ará ìlú ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, kí wọ́n fi dánra wò kí wọ́n tó gbé e lọ sí Òṣogbo. Bàbá bíríkìlà wá, ó wọ dàńṣíkí tó fi ń lọ ìpàdé. Ìtàn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ṣé tapólì kọ́ nìyẹn?” Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí sẹ́lótéèpù ń kọ mànà lókè orí ẹ̀rọ onígbàjámọ̀, àwọn kan ti ń wá bàtà wọn. Nígbà tí ọ̀run olùkọ́ kú ní apá kan, àga ń dún lọ́tùn-ún lósì. Bàbá náà dìde.

Ó ní, “Mo ń lọ, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Tó o bá délé, wá sọ bí tìrẹ ṣe parí fún mi.”

Báyìí ni ọ̀run tó rẹwà jù tí wọ́n tíì ṣe ní Ìkìrun ṣe tàn níwájú ìyàwó Oníràwọ̀, ọkùnrin tó mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́, àti ẹnì kan tó ti sùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dun Oníràwọ̀ wọnú egungun. Ó ti rò pé òkùnkùn tiwọn yóò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tòun hàn. Kò rántí pé inú òkùnkùn náà ni ènìyàn yóò gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé abọ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn méjì yòókù, ó sì jẹ́wọ́.

Onígbàjámọ̀ ní, “A ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o ṣí abọ́ yẹn. A kàn ń dúró kí ó ti ẹnu rẹ jáde ni.”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Èbe,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ se èbe fún wa, ẹ̀gbọ́n, kí ẹja pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó tún ọ̀run wa ṣe.”

Ó se èbe. Ó jóná nísàlẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n wá tún gbogbo ibi tí ọ̀run ti hàn yà, láti orí ìtàn nọ́ọ̀sì títí dé ti olùkọ́. Àrà tí Oníràwọ̀ kò ronú kàn rí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nọ́ọ̀sì bu búlùú ìfọṣọ díẹ̀ sínú omi, ojúmọ́ mọ́ lórí òṣùpá. Onígbàjámọ̀ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìràwọ̀ ń sáré. Oníràwọ̀ kàn ń lanu wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tó fi pa nǹkan náà mọ́, àṣé kò tíì mọ ìdajì ohun tó lè ṣe.

Ní Òṣogbo, gbọ̀ngàn kún. Bàbá kò fẹ́ wá, ó ní ẹ̀yìn òun ńkọ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ gbé ìrọ̀rí dání fún un. Nígbà tí ọmọ nọ́ọ̀sì ké láàárín àwọn ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú, àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn gbàgbé pé aṣọ funfun ni wọ́n ń wò, wọ́n dáhùn pé, “Ẹ kú ewu ọmọ o!” Nígbà tí ẹ̀rọ olórí dídán sọ pé kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú, bàbá bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìtàn olùkọ́ kọjá, kò sí ẹni tó wá bàtà. Ìgbà tó kan bíríkìlà orí òṣùpá, bàbá náà tẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbàgbé ìrọ̀rí, kò sì padà fẹ̀yìn tì títí ó fi parí.

Níta, Oníràwọ̀ dúró tì í.

Bàbá ní, “Ti onígbàjámọ̀ yẹn ló dùn jù.” Ó rìn díẹ̀, ó dúró. “Tìrẹ náà dára. Mo wò ó tán. Ó dára gan-an ni.”

Oníràwọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bàbá rẹ̀ yóò fẹ́ràn ti ẹlòmíì ju tirẹ̀ lọ, ì bá ti bínú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, ọ̀run tó wà lókè orí ẹ̀rọ olórí dídán náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ìwọ tí mo ń sọ ọ́ fún, mo mọ̀ pé wọ́n ti ní kí o ran ẹlòmíì lọ́wọ́ kí ó tó kàn ọ́. Mo sì mọ̀ pé o ń ṣọ́ agbára rẹ, o ń fún wọn ní èyí tí kò dùn ọ́, o ń tọ́jú ojúlówó de ọjọ́ tìrẹ. N kò bá ọ jà. Mo kàn fẹ́ kí o rántí pé àlejò tí ò ń retí kò ní já bọ́ láti òkè sínú yàrá rẹ. Ìloro àwọn ẹlòmíì ni yóò kọ́kọ́ gbà kọjá. Lọ bá wọn gbá a, kí ó mọ́.