Àrìnpé Gbé Ajere Ìyá Rẹ̀ Rúbọ

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bẹ́ẹ̀ ni owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wí fún Àrìnpé, ọmọ aláró Òkè-Elú, lọ́jọ́ tí ìkòkò aró rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì, tó sì ku díẹ̀ kí ìdí aró tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òfin ìlú náà kò ṣòro ó mọ̀. Bí ọdún Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró, bá ń bọ̀, ààfin a pín aṣọ funfun fún àwọn aláró láti rẹ. Aláró tí aró rẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò mú aṣọ, kí ọdún tó pé, wọn a gba ìdí aró lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ti Àrìnpé ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Ti Ojúọlápé, aládùúgbò rẹ̀, náà ti kú lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe pé Àrìnpé ya ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ì bá tiẹ̀ sàn fún un! Òun ló ń já ewé elú, òun ló ń gún un. Òun náà ló ń ṣẹ́gi, tó ń sun eérú, tó ń sẹ́ omi eérú nínú ajere, ìkòkò oníhò tí ìyá rẹ̀ lò títí ó fi kú. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló tó ń sáré wá rẹ aṣọ. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé aláró tó bá gba eérú lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe aláró mọ́. Nítorí náà, nígbà tí aró kú, Àrìnpé rò pé Ìyá Mapó ń bínú ni. Ó bọ ọ́, ó bẹ̀ ẹ́ títí orúnkún rẹ̀ fi bó.

Ó mú ọ̀nà ilé Ẹfúnyẹmí pọ̀n, arúgbó olóòṣà tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kò tíì sọ ohun tó gbé e wá tí Ẹfúnyẹmí fi da owó ẹyọ sórí àtẹ. Ìyá àgbà náà wò wọ́n pẹ́.

"Ta ní ń ṣọ́ iná nígbà tí o bá ń rẹ aṣọ?"

"Kò sí ẹnìkan, Ìyá."

"Ta ní ń ṣọ́ aró nígbà tí o bá wà nídìí iná?"

Orí Àrìnpé wú.

"Ìyá Mapó kò bínú sí ọ," ni Ẹfúnyẹmí wí. "Ó ń wá ọ ni. Bó bá dé ìdí aró, o ti lọ sídìí iná. Bó bá dé ìdí iná, o ti padà. Rú ẹyẹlé méjì àti obì. Lẹ́yìn náà, gbé ajere ìyá rẹ lọ fún Abíọ́nà eléérú ní òdìkejì odò. Kò mọ iṣẹ́ kankan ju eérú lọ, iná rẹ̀ kì í kú. Jẹ́ kó máa bá ọ sun eérú, kó máa bá ọ sẹ́ omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ahọ́n rẹ kún ẹbọ. Omi eérú tí o kò bá tíì tọ́ wò kò gbọdọ̀ kan aró rẹ láé."

"Ìyá, ajere ìyá mi?"

"Ohun tí kò bá dun ni, ẹbọ kọ́."

Ojúọlápé náà ti lọ síbẹ̀. Tirẹ̀ yàtọ̀: ó ti gbé gbogbo iṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn, Abíọ́nà ló ń sẹ́ omi eérú fún un, ó kù kó gbé oorun fún wọn. Ẹfúnyẹmí ní kó rú àgbébọ̀ adìẹ, kó sì máa fi ahọ́n ara rẹ̀ tọ́ omi eérú wò. Ojúọlápé rẹ́rìn-ín.

"Omi tó ń bó ni láhọ́n? Bí mo bá tún fẹ́ tọ́ ọ wò, kí ni mo ṣe gbé iṣẹ́ fún èèyàn?"

Àrìnpé rú ẹyẹlé àti obì, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń yí ajere náà ká. Ó fọ̀ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ ìkókó, ó sunkún, ó sì gbé e kọjá odò. Abíọ́nà fi orúnkún méjèèjì gbà á. Ó fi eérú tirẹ̀ hàn án, èyí tó ti sun, tó mọ ní ìṣù, tó tún sun títí ó fi funfun báláú. Àrìnpé dúró, ó ń wò ó. Ó yé e pé gbogbo ọdún tó fi ń sun eérú, òun kò tíì rí eérú rí.

Lọ́sẹ̀ náà, òjò rọ̀ wọ ààrò Abíọ́nà. Omi eérú tó sẹ́ jáde ló pín fún Àrìnpé àti Ojúọlápé, kò mọ̀ pé òjò ti pa agbára rẹ̀. Àrìnpé ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Kò ta. Ó dá a padà. Abíọ́nà kò jiyàn. Ó tú eérú dànù, ó fi òmíràn sẹ́ ẹ. Ojúọlápé ní tirẹ̀ ti da èyí tó gbà sínú aró láìtọ́ ọ wò. Èyí tó dé lẹ́yìn náà já ahọ́n Àrìnpé tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dà á sínú aró, kò sì kúrò nídìí rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí iná tó ń pè é.

Ní ọjọ́ keje, ó ri aṣọ ààfin bọ̀ ọ́, ó fà á jáde. Ó jáde ní àwọ̀ ewé tútù. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, aṣọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú gbogbo ènìyàn, láìsí ọwọ́ tó kàn án, títí ó fi rí bí ojú ọ̀run kí òjò ńlá tó rọ̀. Àrìnpé ti ń rẹ aṣọ láti kékeré, kò dúró wo ìyanu yìí rí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá Mapó, mo wà nílé. Ẹ káàbọ̀."

Ti Ojúọlápé kú lẹ́ẹ̀kẹta. Ààfin gba ìdí aró rẹ̀, wọ́n fi kún ti Àrìnpé. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u ń rẹ aṣọ ọba títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni tó fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́ fi àbámọ̀ bora sùn. Kí Ojúọlápé tó kó ẹrù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síbi omi eérú tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì fi kan ahọ́n.

Kò ta rárá.