Ihò Ìṣó Lórí Òrùlé Ẹ̀gà

Ààlọ́ o! Ẹ gbè é, ẹ má sùn.
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yà sílé Ẹ̀gà, ẹyẹ tó ń hun agbọ̀n. Bàìbàì ni ìyá rẹ̀ ń ríran. Oòrùn ìta ń ta á lójú, inú ilé sì ṣókùnkùn jù fún un. Ẹ̀gà fẹ́ kí ìyá rí iṣẹ́ ọwọ́ òun kí ojú náà tó fọ́. Ló bá ṣa ògbólógbòó páànù àti ilẹ̀kùn lórí ààtàn, ó fi kọ́ ilé ìpàtẹ.

Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá fi páànù àlòkù kanlé a máa fi ọ̀dà dí ihò ìṣó. Ehoro, káfíńtà àkọ́kọ́, gbé ọ̀dà dé. Ẹ̀gà kọrin:

"Má dí i o, káfíńtà!"
Ẹ gbè é: Oòrùn ń bọ̀ wá kí wa!

Ọ̀bọ náà gbé ọ̀dà dé. Ẹ tún gbè é. Ewúrẹ́ ló ṣìkẹta.

"Àǹtí Ẹ̀gà, bójò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"A ó tutù. Tó bá yá, a ó gbẹ."

Lọ́sàn-án, oòrùn gba ihò wọ̀nyẹn wọlé, ó fọ́n sára agbọ̀n bí àgbàdo. Ìyá wọlé, kò wo agbọ̀n kankan. Ojú ọmọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

"Ọmọ mi, o mà ti rù o! Ṣé o ti jẹun? Agbọ̀n ò ní sá lọ."

Ibẹ̀ làlọ́ mi jókòó sí, ẹ̀yin ọmọ. Òun àti Ẹ̀gà ń jẹun lọ́wọ́.