Ọ̀bọ Tí Kò Lè Jókòó Nílé Àna

Ẹ sún mọ́bí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rìn títí, kò rí ibi jókòó sí, àfi ìdí Ọ̀bọ.

Ní ayé àtijọ́, Ọ̀bọ fẹ́ fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ẹtu. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé kì í rí oorun sùn. Ní ìlú Ẹtu, ọkọ ìyàwó á kọ́kọ́ wá gbé nílé àna, kí wọ́n fi mọ ìwà rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, á jókòó lórí àpótí, wọn á gbé ìyàwó lé e lẹ́sẹ̀. Bí kò bá jókòó, ó kọ ọmọ nìyẹn.

Ọ̀bọ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáàrí. Ìyá Àwẹ̀ró gbé ẹ̀fọ́ wá. Ọ̀bọ ní, "Ìyá, ṣé ewúrẹ́ ni mí?" Wọ́n gbé ìbẹ́pẹ wá. Ọ̀bọ gbé itọ́ mì, ó ní, "Ọmọdé ló ń jẹ ìyẹn." Wọ́n bu omi wá. Ọ̀bọ ní, "Ẹ kúkú bá mi gbé iyán àti ẹran wá."

Bó ṣe jẹun tán, ó jókòó gẹlẹtẹ, kí wọ́n lè pè é ní ẹni ńlá. Ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n láàárọ̀, ó pa á mọ́ra. Ó gbọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, ó pa á mọ́ra. Ó gbọ̀n ọ́n lálẹ́, ó pa á mọ́ra. Ó ní, "Kí n máa bi àna mi léèrè ààtàn? Ká má rí i!"

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ìgbéyàwó fi ku ọ̀la. Inú rẹ̀ ti le bí òkúta. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn ọgbà, ó lóṣòó, ó di eyín, ó ń kọrin:

Àlejò inú mi, jáde wá o
Gìn-ìn gin
Ọ̀la ni n ó gbé Àwẹ̀ró
Gìn-ìn gin
Má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí lọ́dọ̀ àna
Gìn-ìn gin

Ẹ gbè é dáadáa! Ẹni tí kò bá gbè é, inú tirẹ̀ náà á le.

Ohun kan yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń pè. Ìdí rẹ̀ ló yọ, ó pupa fòò.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹtu ní, "Àna wa, ẹ jókòó." Ọ̀bọ ní, "Ìdúró wù mí, Bàbá." Ẹtu ní, "Ẹ jókòó." Ọ̀bọ ní, "Ẹ jẹ́ n kí àwọn èèyàn ná." Ẹtu fajú ro: "Àbí ẹ kọ ọmọ mi ni?"

Ọ̀bọ jókòó. Yéè! Orí igi ló bá ara rẹ̀. Gbogbo ìlú gbójú sókè, wọ́n rí ìdí pupa. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Jẹ̀dí-jẹ̀dí ni. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ tí ẹ ń kọ̀. Ẹ máa mu omi. Ẹ máa rìn káàkiri. Bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n yín, ẹ tètè lọ."

Àwẹ̀ró náà sọ̀rọ̀: "Èmi ò bèèrè ìjókòó mọ́. Kó wá síwájú bàbá mi, kó sọ ohun tó ń ṣe é, n ó fẹ́ ẹ."

Ọ̀bọ sọ̀kalẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró, ó wo èrò, ojú ń tì í. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ dákun, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí. Níbo ni ààtàn yín wà?"

Ẹtu fò dìde. "Ẹ ṣeun, àna mi! Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé lojú yín ti ń ti èmi náà. Mo ń pa á mọ́ra!" Ó fa Ọ̀bọ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sáré gba ẹ̀yìn ọgbà lọ.

Bí Ọ̀bọ ṣe gba ìyàwó nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ má torí fáàrí kọ ẹ̀fọ́ àti omi, ẹ má jókòó sójú kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ má sì torí ìtìjú pa ìgbẹ́ mọ́ra. Ibí ni mo já ààlọ́ mi sí o. Ẹni tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n láàárín yín, kó dìde, kó máa lọ.