Ihò Ara Mọ́tò Àkókó

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹyẹ ṣì ń wa mọ́tò, kò sí ẹyẹ tó dákẹ́ tó Àkókó. Ẹ má bi mí pé kí ni abìyẹ́ ń fi mọ́tò ṣe o. Ẹ̀yin náà ní ẹsẹ̀, ẹ sì ń wọ ọkọ̀.

Àkókó ìgbà yẹn kì í kan nǹkan kan. Kì í kan ilẹ̀kùn pàápàá. Tó bá wá kí yín, ẹ óò ṣàdédé rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ni, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ bá ti rí, ó gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ó ní mọ́tò kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mọ́tò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ìpẹtà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì ti dá ihò gbàǹgbà síbẹ̀. Ihò náà tóbi débi pé adìyẹ aládùúgbò yé ẹyin mẹ́ta sínú rẹ̀, ó sì máa ń bá Àkókó jà nígbàkigbà tó bá fẹ́ jáde.

Àkókó fẹ́ràn Àyìnkẹ́, ọmọ Àgbìgbò. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi tọrọ rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí ìyàwó lọ sílé ọkọ, Àgbìgbò olórí ńlá tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn jáde.

"Ọmọ mi ò ní fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ọkọ," ó wí, "kò sì ní gun mọ́tò tó lu. Bí mo bá rí ihò kan ṣoṣo lára mọ́tò yẹn, mo ń mú ọmọ mi padà sílé."

Àkókó wa mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ Agbọ́n, tó mọ amọ̀ pò jù lọ ní gbogbo ìlú.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dí ihò yìí. Ọ̀la ni ìyàwó mi ń bọ̀."

Agbọ́n yí mọ́tò náà po. "Ìpẹtà rèé. A ó kọ́kọ́ ha gbogbo rẹ̀ kúrò. A ó gé páànù, a ó jó o mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá fi amọ̀ fẹ́lẹ́ tẹ́ ojú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún."

"Ọjọ́ márùn-ún kẹ̀? Ìyàwó mi á ti lọ! Ẹ ṣáà jẹ́ kí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀."

Agbọ́n rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ ti ojú nìkan ni, ọkọ ìyàwó, lọ jókòó."

Ó lé adìyẹ kúrò. Ó fi ẹnu rún pépà àti ewé, ó ki í bọnú ihò. Ó po amọ̀, ó fi rẹ́ ẹ. Nígbà tí oòrùn mú un gbẹ, ó mú ewé ìpín, ewé ṣágiṣàgi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi, ó ha á, ó ha á, títí ó fi jọ̀lọ̀. Ó wá kun ọ̀dà aláwọ̀ aró lé e.

"Wò ó," Agbọ́n wí.

Àkókó wò ó. Ó fi ìyẹ́ pa á lára. Ihò dà? Kò sí ihò mọ́! Ká ní ó fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan péré ni, ìtàn ì bá parí síbí, ẹ̀yin ì bá sì ti máa lọ ṣeré yín.

Lọ́jọ́ kejì, Àgbìgbò yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀méje. Kò rí nǹkan kan. Ó mi orí ńlá rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ, ó sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Àyìnkẹ́ jókòó sẹ́yìn, ó fara ti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, Àkókó sì ń wà á jẹ́jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó tuntun kì í wọlé ọkọ láìjẹ́ pé wọ́n fi omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Igbá omi kan ti tó. Àmọ́ ta ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán nílé Àkókó? Pẹ́pẹ́yẹ ni! Ìkòkò ńlá ló rù wá. Kò tiẹ̀ dúró kí ìyàwó sọ̀kalẹ̀.

"Ìyàwó dé! Ẹsẹ̀ tútù ni o fi wọlé o!" Ó da omi náà lu mọ́tò, wàà!

Amọ̀ rọ̀. Ọ̀dà ká kúrò. Pépà yọ jáde bí ìfun adìyẹ. Kí Àkókó tó wẹ̀yìn, Àyìnkẹ́ ti gba inú ihò bọ́ sílẹ̀ tòun ti gèlè, ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹsẹ̀ nìkan lẹ ní kí n fọ̀," ó wí, "mo ti bá yín fọ ìyókù."

"Àyìnkẹ́, dìde!" Àgbìgbò kígbe. "Ilé yá!"

Omi bọ́ lójú Àkókó. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta.

Àyìnkẹ́ dìde, ó nu ojú rẹ̀. Ó fi ẹnu kan ara mọ́tò níbi tí irin wà: gán, gán. Ó kan ibi tí amọ̀ ṣẹ́ kù sí: pọ̀, pọ̀.

"Ẹ ò kàn án wò ni?" ó bi Àkókó.

"Mo wò ó. Ó ń dán."

"Ilé tí mo fẹ́ wọ̀ yìí ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ?"

Àkókó wo ilẹ̀. "Agbọ́n ni."

Àyìnkẹ́ lọ kan ògiri. Ògiri wó.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́," ó wí, "mi ò sì kọ̀ yín. Àmọ́ mi ò ní sùn nínú ohun tí ẹ ò kàn wò. Ẹ lọ wá ilé tó dún dáadáa, kí ẹ wá pè mí." Ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ.

Inú bí Àkókó. Ó fò lọ sílé Agbọ́n, ilé alámọ̀, ó fi ẹnu kàn án: kọ, kọ, kọ! Agbọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Ó tú jáde, ó ta Àkókó ní àtàrí títí orí rẹ̀ fi pọ́n. Ó ṣì pọ́n títí dòní.

Àkókó wá wọ igbó lọ. Ó ń kan igi, á dákẹ́, á gbọ́, á tún kan òmíràn. Ó pẹ́ kó tó rí èyí tó dún bó ṣe fẹ́. Kò po amọ̀ kankan. Inú igi náà gan-an ló gbẹ́, ó sì ránṣẹ́ pe Àyìnkẹ́.

Àyìnkẹ́ dé. Ó kọ́kọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì tẹ́tí. Ó rẹ́rìn-ín. Igbá omi kékeré ni wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Àkókó ti ń kan igi kó tó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà sì ni Agbọ́n kì í ti í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilé òun. Àwa èèyàn náà kọ́ ọgbọ́n lára wọn: bí a bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, bó ti wù kó máa dán tó, a ó fi ìka kan ara rẹ̀, a ó sì tẹ́tí. Bí ẹni tó ń tà á bá wá bínú pé ẹ kan mọ́tò òun, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Agbọ́n ni.